Ọwọ́ Òsì Òkun

Èmi kọ́ ni ọ̀mọ̀wé. Èmi ni mo ń fọ ẹrẹ̀.
Nísàlẹ̀ ilé ìwádìí, ní Tromsø, ní oṣù Kejìlá
tí oòrùn kò tilẹ̀ yọjú wá kí wa,
mo wọ bàtà rọ́bà, mo dúró nídìí ẹ̀rọ omi,
mo ń da ìsàlẹ̀ òkun sórí asẹ́
tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀
tí omi fúnra rẹ̀ ń tọrọ àyè kó tó kọjá.

Amọ̀ lọ. Àwọn onílé kù.

Orúkọ wọn gùn ju ara wọn lọ:
foraminífẹ́rà. Kí ẹ tó pè é tán,
ẹgbẹ̀rún nínú wọn á ti ráyè jókòó lórí èékánná yín.
Ẹ̀mí kan, yàrá mẹ́rin, ògiri ẹfun.
Ó gbé lókè omi, ó kú, ó rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun,
ó lọ bá àwọn bàbá rẹ̀ nínú òkùnkùn,
wọ́n tò lé ara wọn, wọ́n dákẹ́.

Ragnfrid ló ń ṣà wọ́n.
Búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, ó fi itọ́ rin ín,
ó tẹ ojú mọ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá,
ó ń he wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo dúdú
bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì,
àmọ́ òkúta gan-an ló ń fẹ́.
"Òsì," a ní. "Òsì. Òsì. Ọ̀tún. Òsì."
Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí irú kan wà láàárín wọn
tó fẹ́ràn omi dídì, ilé rẹ̀ a lọ́ sápá òsì;
ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ a lọ́ sápá ọ̀tún.
Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Níhìn-ín, ọwọ́ òsì la fi ń júwe ilé òtútù,
kò sì séèwọ̀ níbẹ̀.
Ní mítà méjì sísàlẹ̀, òsì ni wọ́n,
mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún:
yìnyín dé òkun lórí nígbà náà bí ọmọrí ìkòkò,
kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.
Àwọn ló kọ ọ́, ẹ̀yìn lílọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo sín.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Igba ọdún fò kúrò lórí àwo,
ó bà sára súwẹ́tà mi, ó bà sínú kọfí Ragnfrid.
Mo dúró bí igi. Kí lèèyàn máa ń sọ?
Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ ìgbà àwọn kan dànù?
Kò bú mi. Ó wo ife náà títí.
"Mo ti mu ohun tó burú jùyí lọ nínú ọkọ̀ ojú omi,"
ó sì mu ún.
"Lọ sí yàrá tútù. Ìdajì yòókù wà níbẹ̀."
Torí bí wọ́n bá la ọ̀pá ẹrẹ̀ sí méjì,
ìdajì là ń tú, ìdajì là ń fi pamọ́
fún ẹni tí yóò sín.

Bàbá mi, Hågen, kò gba gbogbo èyí gbọ́ tán.
Apẹja ni, ní Skjervøy. Ó ní àwọ̀n lòun náà ń kà.
Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, makẹ́rẹ́ẹ̀lì kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn;
ní báyìí ó ń wọlé lóṣù Kẹjọ
bí àlejò tí kò béèrè ọ̀nà.
Mo sọ fún un pé lókè ọ̀pá náà, níwọ̀n ìka méjì tó kẹ́yìn,
ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu Ragnfrid ni
"Ọ̀tún. Ọ̀tún. Òsì. Ọ̀tún."
Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn?" ó bi mí,
bí ẹni pé mo mọ̀ wọ́n débi tí màá fi béèrè.

Lálẹ́, mo ha abẹ́ èékánná mi lábẹ́ omi gbígbóná.
Kò mọ́ tán. Ó ku ẹyọ kan, funfun.
Mo gbé e súnmọ́ iná ilé ìdáná, mo di ojú kan.
N kò ní awò nílé.
N kò rí ibi tó yí sí.